Bí ẹ ṣe lè kó tábílẹ́ẹ̀tì wọ kíláàsì l'Ábújá àti l'Òkè Ọya, kówó iléèwé má ṣòfò

Ẹ̀yin tíṣà, ẹ̀yin ọ̀gá iléèwé, àti ẹ̀yin òbí tẹ́ ẹ wà nínú PTA, ẹ jẹ́ ká sọ ọ̀rọ̀ tábílẹ́ẹ̀tì yìí bó ṣe yẹ ká sọ ọ́. Láti Kubwa dé Lugbe, láti Nyanya dé Mararaba, títí dé Sabon Gari ní Kano, iléèwé tó ń fẹ́ kó tábílẹ́ẹ̀tì fọ́mọ ń pọ̀ sí i, ohun tí mo sì máa ń rí ni pé ọjà ni wọ́n kọ́kọ́ ń sáré lọ. Wọ́n á ra ogójì, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á pe àwọn òbí wá wò ó, táámù kan ò ní parí tí gbogbo ẹ̀ á fi wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù tí eruku á máa bò ó. Tábílẹ́ẹ̀tì yẹn ò ṣe nǹkan kan, bí wọ́n ṣe tò ó ni ò dáa. Iná ló yẹ kó ṣáájú, tíṣà ló tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà ni ohun táwọn ọmọ máa kọ́ lórí ẹ̀, tábílẹ́ẹ̀tì gan-an ló gbẹ̀yìn. Bí màá ṣe tò ó fún yín níbí nìyẹn.

Ẹ mú ìṣòro kan ṣoṣo

Ẹ jókòó pẹ̀lú àwọn tíṣà yín kẹ́ ẹ mú ìṣòro kan, ẹyọ kan péré. Ó lè jẹ́ pé àwọn ọmọ Pírámárì 4 ò mọ ìṣirò ìdá, ìyẹn ìdajì, ìdá mẹ́ta, ìdá mẹ́rin. Ó lè jẹ́ pé Pírámárì 2 ò tíì lè ka gbólóhùn kan já geere. Ó lè jẹ́ pé ẹ ò ní laboratory fún JSS, ẹ wá fẹ́ kí wọ́n fojú rí bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń yí ká inú ara. Ẹ kọ ìṣòro yẹn sílẹ̀ ní gbólóhùn kan, ẹ kọ kíláàsì tó kàn, ẹ kọ orúkọ tíṣà tó máa ṣe é. Tẹ́ ò bá tíì rí gbólóhùn yẹn kọ, ẹ má tíì náwó o. Kéèyàn ní "kí iléèwé tiwa náà lè bẹ́gbẹ́ mu" kì í ṣe ìṣòro, torí ẹ ò ní mọ ọjọ́ tẹ́ ẹ máa sọ pé ó ti yanjú.

Tó bá wá jẹ́ torí JAMB lẹ ṣe fẹ́ rà á, ẹ dúró ná. JAMB ti fi ìdánwò orí bébà sílẹ̀ látọdún 2015, orí kọ̀ǹpútà ni gbogbo ẹ̀ báyìí, kọ̀ǹpútà yẹn sì ní kíbọ́ọ̀dù. Wọ́n tiẹ̀ ṣe é kí ọmọ tí ò mọ máùsì lò lè fi bọ́tìnì mẹ́jọ péré parí ìdánwò ẹ̀: A, B, C àti D láti mú ìdáhùn, N láti lọ sí ìbéèrè tó kàn, P láti padà sẹ́yìn, S láti fi iṣẹ́ sílẹ̀, R tó bá rí i pé òun ò tíì fẹ́ fi sílẹ̀. Ọmọ tó bá fi ọdún kan tẹ ojú gíláàsì, ọwọ́ ẹ̀ ò ní mọ kíbọ́ọ̀dù lọ́jọ́ ìdánwò. Fún SS3, kọ̀ǹpútà àlòkù mẹ́wàá dáa ju tábílẹ́ẹ̀tì ogún lọ lójú tèmi. Tẹ́ ẹ bá ti ra tábílẹ́ẹ̀tì ná, ẹ wá kíbọ́ọ̀dù USB kékeré àti wáyà OTG tó máa so ó mọ́ ọn.

Iná

Ọ̀rọ̀ iná ló ń pa iṣẹ́ yìí jù l'Òkè Ọya, torí náà màá pẹ́ díẹ̀ lórí ẹ̀. Àwọn tó wà ní Band A, tí wọ́n ṣèlérí wákàtí 20 lójúmọ́ fún látọdún 2024, ọ̀rọ̀ tiwọn rọrùn díẹ̀. Ṣùgbọ́n iléèwé LEA tó wà nínú abúlé lẹ́yìn Kuje tàbí lápá Bwari, NEPA ò gbọ́dọ̀ sí nínú ètò wọn rárá, jẹnẹrétọ̀ náà ò sì ṣeé gbára lé pẹ̀lú iye tí wọ́n ń ta epo báyìí. Sólà ni. Oòrùn tó ń pa wá láti February dé April yẹn, ẹ jẹ́ ká rí èrè jẹ níbẹ̀.

Ìṣirò ẹ̀ ò le, ẹ mú bírò. Tábílẹ́ẹ̀tì ínṣì 8 tí bátìrì ẹ̀ jẹ́ 5,000 mAh máa gba nǹkan bíi 20 Wh (watt-hour, ìwọ̀n iná tó máa wọ inú ẹ̀) kó tó kún. Ọgbọ̀n irú ẹ̀, tẹ́ ẹ bá débẹ̀ lọ́jọ́ iwájú, á jẹ́ 600 Wh. Ṣájà àti ínfátà máa ń fi díẹ̀ ṣòfò, torí náà ẹ pè é ní 800 Wh. Tó bá jẹ́ ínṣì 10 tí bátìrì ẹ̀ tó 7,000 mAh, ọgbọ̀n ẹ̀ máa sún mọ́ 1,100 Wh. Ní báyìí, páńẹ́ẹ̀lì sólà tí àpapọ̀ ẹ̀ jẹ́ 400 watt, tẹ́ ẹ bá fi wákàtí márùn-ún tí oòrùn mú dáadáa ṣèṣirò ẹ̀, á mú 2,000 Wh wá lórí bébà, eruku, ooru àti wáyà á sì jẹ nínú ẹ̀, ẹ máa fọkàn sí bíi 1,400. Ó ṣì tó, ó tún ṣẹ́ kù fún gílóòbù kíláàsì àti ráútà. Tí gbogbo ọgbọ̀n bá ń gba ṣáájì lẹ́ẹ̀kan náà, ní watt 10 lọ́kọ̀ọ̀kan, 300 watt nìyẹn, ínfátà 1 kVA gbé e láìmí. Bátìrì 12V 200Ah kan á tọ́jú iná yẹn dé àárọ̀ ọjọ́ kejì, kẹ́ ẹ má jẹ́ kó máa lọ sílẹ̀ ju ìdajì lọ tó bá jẹ́ bátìrì olómi tàbí tubular.

Nínú ọyẹ́, ẹ ní ẹnì kan pàtó tó máa nu ojú páńẹ́ẹ̀lì lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, láàárọ̀ kùtù kó tó gbóná. Eruku Oṣù Kejìlá àti Oṣù Kìíní ní Kano tàbí Zaria lè jẹ iná yín gan-an, ẹ ò sì ní mọ̀ torí ṣe ni á kàn máa dínkù díẹ̀díẹ̀. Nínú Oṣù Kẹjọ tí ìkùukùu bo gbogbo ojú ọ̀run, ẹ máa rò ó pé ìdajì ló máa wọlé.

Ẹ má so ṣájà ọgbọ̀n mọ́ extension olówó pọ́ọ́kú kan o, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ ra ṣájà USB olójú mẹ́wàá tó dáa, mẹ́ta, kẹ́ ẹ gbé wọn sínú kọ́bọ́ọ̀dù onírin tó lójú atẹ́gùn lẹ́yìn. Ojú ẹni ni kó ti máa gba ṣáájì, ẹ má fi sílẹ̀ mọ́jú nínú ọ́fíìsì tó tì pa, iná bátìrì kì í ṣe iná tí wọ́n ń fi garawa omi kan pa.

Tíṣà, fún táámù kan gbáko

Kí ọmọ kankan tó fọwọ́ kàn án, ẹ fún tíṣà. Kó gbé e lọ sílé, kó fi wo fídíò, kó fi kọ lesson note, kó bá ọmọ ẹ̀ ṣeré lórí ẹ̀. Ẹ̀rù ló ń jẹ́ kí tíṣà kó tábílẹ́ẹ̀tì sí kọ́bọ́ọ̀dù, ẹ̀rù pé ọmọ ọdún mẹ́wàá á mọ̀ ọ́n lò ju òun lọ níwájú gbogbo kíláàsì, ẹ̀rù pé tó bá fọ́ wọ́n á yọ owó ẹ̀ nínú owó oṣù òun. Ẹ kọ́kọ́ mú ẹ̀rù kejì yẹn kúrò: kí ọ̀gá iléèwé kọ ọ́ sínú ìwé, kó fọwọ́ sí i, pé ohun tó bá bàjẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, iléèwé ló máa tún un ṣe. Ẹ̀rù àkọ́kọ́, ọjọ́ ló ń wo ìyẹn sàn.

Àwọn ìjọba tó ti ṣe é lórílẹ̀-èdè yìí náà, àwọn kan nínú wọn, ọ̀dọ̀ tíṣà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. EdoBEST, ètò ìjọba ìpínlẹ̀ Edo tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2018, ọwọ́ tíṣà ni tábílẹ́ẹ̀tì wà, ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà àti ohun tó máa sọ ni tíṣà ń rí lórí ẹ̀, KwaraLEARN nílé wa ní Kwara náà sì gba irú ọ̀nà yẹn. Èèyàn lè máa jiyàn bóyá ó yẹ kí wọ́n to ọ̀rọ̀ sẹ́nu tíṣà tó bẹ́ẹ̀, èmi gan-an ò fẹ́ràn ẹ̀ fún tíṣà tó bá ti mọṣẹ́ ẹ̀, ṣùgbọ́n pé tíṣà ló yẹ kó kọ́kọ́ dì í mú, wọ́n gbà á síbi tó yẹ.

Ní táámù yẹn, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa pàdé lọ́jọ́ Friday lẹ́yìn tí iléèwé bá pa, wákàtí kan tó, kẹ́ ẹ wo àkókò Jímọ̀ nínú ẹ̀ torí àwọn Mùsùlùmí. Ẹ má pe ẹnì kan wá láti Wuse kó wá fi projector sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ dálẹ́, wọ́n á gbàgbé gbogbo ẹ̀. Lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan kí tíṣà kan kọ́ àwọn yòókù ní nǹkan kan ṣoṣo: bí wọ́n ṣe ń ya fọ́tò iṣẹ́ ọmọ, bí wọ́n ṣe ń gba ohùn sílẹ̀, bí wọ́n ṣe ń fún ọmọ níṣẹ́ lórí Kolibri (áàpù ẹ̀kọ́ tí mo máa ṣàlàyé níwájú), bí wọ́n ṣe ń ti áàpù kan pa. Níparí táámù, tíṣà tó bá ti ń lò ó láìjẹ́ pé ẹ rán an létí ni kẹ́ ẹ fún ní kíláàsì àkọ́kọ́. Kì í ṣe dandan kó jẹ́ èyí tó kéré jù lọ́jọ́ orí, mo ti rí ìyá àgbà tó sún mọ́ ìfẹ̀yìntì tó mọ̀ ọ́n lò ju àwọn corper lọ torí ó mọ ohun tó fẹ́ fi kọ́ ọmọ.

Kí ló máa wà lórí ẹ̀?

Ẹ ṣètò ẹ̀ bí ẹni pé kò sí íntánẹ́ẹ̀tì rárá. Tó bá wá wà, ẹ dúpẹ́. Ọ̀ṣun ṣe Opọ́n Ìmọ̀ lọ́dún 2013, ìwé àti ìbéèrè ìdánwò tó ti kọjá ni wọ́n kó sínú ẹ̀ tẹ́lẹ̀ kó tó dọ́wọ́ ọmọ, apá ibi tó yẹ ká mú lò nínú ẹ̀ nìyẹn: kí ọmọ tan án, kí ẹ̀kọ́ ẹ̀ ti wà níbẹ̀, láìra dátà.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni Kolibri. Ọ̀fẹ́ ni, Learning Equality ló ṣe é, ó ń ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Báyìí ni wọ́n ṣe ń lò ó: ẹ fi sórí láptọ́ọ̀pù kan ṣoṣo, tàbí Raspberry Pi, kọ̀ǹpútà kan tó kéré bí àpò ìṣáná ńlá, ẹ fi íntánẹ́ẹ̀tì ibì kan tó dáa wa àwọn ẹ̀kọ́ tẹ́ ẹ fẹ́ sórí ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, Khan Academy wà níbẹ̀ fún ìṣirò, PhET wà fún sáyẹ́ǹsì, ìwé ìtàn African Storybook wà níbẹ̀. Tó bá dé kíláàsì, ẹ tan ráútà tí kò ní síìmù nínú, gbogbo tábílẹ́ẹ̀tì á so mọ́ ọn, àwọn ọmọ á ṣí i nínú browser. Tíṣà lè yan iṣẹ́ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ó sì máa rí ẹni tó ṣe é, ẹni tó dúró sáàárín, ìbéèrè tí gbogbo kíláàsì gbà kùnà. Ohun tó kẹ́yìn yẹn ló níye lórí jù fún tíṣà tó ní ọmọ ogójì níwájú.

Tí ẹ bá fẹ́ ibi tí wọ́n á ti máa wá nǹkan, Kiwix ń jẹ́ kẹ́ ẹ gbé Wikipedia wọlé láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Ti Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú àwòrán ju 100 GB lọ, torí náà ẹ mú èyí tó kéré, irú èyí tí wọ́n ṣà fún iléèwé. Ti Yorùbá àti ti Hausa kéré, wọ́n á wọ mẹ́mọ́rì kádì wẹ́rẹ́.

Ọ̀rọ̀ èdè yìí ń jẹ mí lọ́kàn. Ọmọ wa tí wọ́n bí sí Kubwa tàbí sí Kaduna, ó ń gbọ́ Yorùbá nílé, ó ń sọ Hausa lójú pópó, Gẹ̀ẹ́sì ni kíláàsì, kò sì sí ibì kankan tó ti ń rí Yorùbá kà. Tábílẹ́ẹ̀tì lè bá wa dí àlàfo yẹn láìnáwó. African Storybook ní ìtàn ní Yorùbá, ó ní in ní Hausa, kíbọ́ọ̀dù Gboard ní Yorùbá tó fún yín ní ẹ, ọ, ṣ àti àmì ohùn. Lọ́dún 2019, nígbà tí wọ́n pín ẹ̀bùn Global Learning XPRIZE fáwọn tó ṣe áàpù tí ọmọ lè fi kọ́ ìwé kíkà fúnra ẹ̀, onebillion àti Kitkit School ló jọ gbapò kìíní, orí tábílẹ́ẹ̀tì ni iṣẹ́ wọn wà, abúlé Tanzania ni wọ́n ti dán an wò, Swahili tí àwọn ọmọ yẹn gbọ́ ni wọ́n sì fi kọ́ wọn. Torí náà tí ẹ bá ń to ohun tó máa wà lórí ẹ̀ fún Pírámárì 1 sí 3, ẹ má jẹ́ kó jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì nìkan.

Ọjà

Ibi yìí ò yẹ kó gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Bóyá Banex ní Wuse 2 lẹ ti rà á ni o, bóyá Farm Centre ní Kano, ẹ má ra ju mẹ́wàá tàbí méjìlá lọ lákọ̀ọ́kọ́. Ẹ wá èyí tí RAM ẹ̀ tó 4 GB, tí àyè inú ẹ̀ tó 64 GB, tó láyè mẹ́mọ́rì kádì, tí Android ẹ̀ ò tíì gbó. Kí gbogbo ẹ̀ jẹ́ irú kan náà, kí ṣájà kan lè bá gbogbo wọn mu, kí tíṣà má sì máa ṣàlàyé lọ́nà mẹ́ta. Èyí tí wọ́n kọ 512 GB sí lára tí owó ẹ̀ sì kéré jọjọ, ẹ sá fún un, wọ́n máa ń yí nọ́ńbà yẹn. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ ṣí Play Store, ẹ lọ sí Settings, ẹ wo About, kó kọ pé ó ti gba ìwé ẹ̀rí Play Protect, lẹ́yìn náà ẹ da fídíò ńlá bíi mélòó kan sínú ẹ̀ kẹ́ ẹ padà ṣí wọn níbẹ̀. Ẹ ra kọ́fà rọ́bà tó nípọn pẹ̀lú ẹ̀. Nínú gbogbo owó tẹ́ ẹ yà sọ́tọ̀, tí tábílẹ́ẹ̀tì gan-an bá jẹ ju ìdajì lọ, ẹ ti gbàgbé nǹkan kan, bóyá iná, bóyá kọ́bọ́ọ̀dù, bóyá àtúnṣe.

Kí ọmọ má bàa já síbi tí kò yẹ

L'Ábújá níbí gan-an lọ́dún 2007, wọ́n kó láptọ́ọ̀pù OLPC fáwọn ọmọ iléèwé pírámárì kan, kò pẹ́ tí wọ́n fi rí i pé àwọn kan ti ń wo ìhòòhò lórí ẹ̀, lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ní àwọn máa fi ìdènà sí i. Ní Los Angeles lọ́dún 2013, ìdènà wà lórí iPad tí wọ́n fún àwọn ọmọ, láàrin ọjọ́ díẹ̀ àwọn ọmọ kan ti yọ ọ́ kúrò. Ìdènà tó dáa jù ni ráútà tí kò ní síìmù. Tí íntánẹ́ẹ̀tì ò bá wọ kíláàsì, ewu tó ṣẹ́ kù ò pọ̀.

Ẹ yọ síìmù kúrò. Ẹ fi PIN tí tíṣà nìkan mọ̀ sí i. Ẹ tan app pinning nínú Settings lábẹ́ Security, kẹ́ ẹ jẹ́ kó máa béèrè PIN kó tó tú, ìyẹn á de ọmọ mọ́ áàpù kan títí tíṣà á fi tú u. Ẹ yọ YouTube, ẹ yọ gbogbo géèmù tó bá a wá. Tó bá di pé tábílẹ́ẹ̀tì yín ń lọ sí ogún, ẹ wá ẹni tó mọ MDM, Headwind MDM ní èyí tó jẹ́ ọ̀fẹ́, á jẹ́ kẹ́ ẹ máa darí gbogbo wọn látorí kọ̀ǹpútà kan. Ẹ má fi orúkọ àti surname ọmọ ṣí account, "P4-07" ti tó.

PTA

Ẹ pe àwọn òbí kí tábílẹ́ẹ̀tì tó dé, ẹ má jẹ́ kó jẹ́ ọmọ ló máa mú ìròyìn lọ sílé. Ẹ sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, kí ẹnì kan sọ ọ́ ní Hausa, torí baba tó ń ta tòmátò ní Mararaba àti ìyá tó ń ta aṣọ ní Nyanya ló máa ń ní ìbéèrè tó dáa jù. Ẹ tan án níwájú wọn, ẹ jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, kí wọ́n wá ìhòòhò lórí ẹ̀ tì. Ẹ fún wọn ní fọ́ọ̀mù tí wọ́n á fọwọ́ sí, torí òfin ààbò dátà Nàìjíríà ti ọdún 2023 ní kẹ́ ẹ gbàṣẹ lọ́wọ́ òbí kẹ́ ẹ tó gba dátà ọmọ, kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ níbẹ̀ pé ẹ ò ní gbé fọ́tò àti ohùn ọmọ sórí Facebook iléèwé.

Fún iléèwé ìjọba, ẹ rántí pé ọ̀fẹ́ ni ẹ̀kọ́ basic lábẹ́ òfin UBE ti 2004, torí náà ẹ má dá owó tábílẹ́ẹ̀tì lé òbí lórí ní dandan. Òbí tó bá fẹ́ ṣe ìrànwọ́, á dáa kó ṣe é. Ẹ má sì lẹ fọ́tò tábílẹ́ẹ̀tì mọ́ gééètì o. Olè máa ń kàwé.

Nínú kíláàsì gan-an

Ẹ jẹ́ ká mú kíláàsì ọmọ ogójì tó ní tábílẹ́ẹ̀tì mẹ́wàá, torí bó ṣe máa rí nìyẹn níbi tó pọ̀. Iṣẹ́ ni ìṣirò ìdá. Ẹ mú double period, ọgọ́rin ìṣẹ́jú. Mẹ́wàá àkọ́kọ́, tíṣà dúró síwájú, ó gé ọsàn tàbí búrẹ́dì sí mẹ́rin lójú gbogbo wọn. Ẹ pín wọn sí ọ̀nà mẹ́rin, mẹ́wàá mẹ́wàá, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún níbì kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó sún síbi tó kàn. Àwọn tó wà níbi tábílẹ́ẹ̀tì ń ṣe ìdánwò Kolibri, ó ń máàkì fún wọn lójú ẹsẹ̀. Àwọn kejì ń fi ìdérí ìgò pín nǹkan. Àwọn kẹta ń kọ ọ́ sínú nótùbùkù. Àwọn kẹrin wà lọ́dọ̀ tíṣà, mẹ́wàá péré, ibẹ̀ ni tíṣà ti máa rí ẹni tí ò yé. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó kẹ́yìn, gbogbo tábílẹ́ẹ̀tì wà lórí tábìlì, ojú ẹ̀ dà bolẹ̀, tíṣà mú ìbéèrè tí ọ̀pọ̀ gbà kùnà ó sì ṣe é lórí bọ́ọ̀dù.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Tábílẹ́ẹ̀tì ò gba iṣẹ́ tíṣà, ó di ọmọ mẹ́wàá mú kí tíṣà ráyè jókòó ti mẹ́wàá míì. Ní kíláàsì ogójì, mi ò mọ nǹkan míì tó lè fún tíṣà láyè bẹ́ẹ̀.

Pípín in fún wọn náà ní ọ̀nà. Ọmọ méjì ni mọ́nítọ̀ tábílẹ́ẹ̀tì, ẹ máa yí wọn padà lọ́sẹ̀ méjì méjì. Nọ́ńbà wà lẹ́yìn tábílẹ́ẹ̀tì, nọ́ńbà yẹn wà lórí dẹ́ẹ̀sìkì, ọmọ kọ̀ọ̀kan mọ tiẹ̀. Kí wọ́n fọwọ́ kí wọ́n tó gbà á, tàbí kí wọ́n fi aṣọ nù ún. Tí pípín bá ń jẹ ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, ẹ dúró lọ́jọ́ kan kẹ́ ẹ fi dánra wò láìṣe iṣẹ́ kankan, kó lè mọ́ wọn lára.

Ohun tí mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ lò ju áàpù lọ ni kámẹ́rà àti ohun tó ń gba ohùn sílẹ̀, méjèèjì ò fẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì, méjèèjì ti wà lórí ẹ̀. Nínú Agric Pírámárì 5, ẹ rán àwọn ọmọ síta ní méjì méjì kí wọ́n ya oríṣi ewé márùn-ún nínú ọgbà iléèwé, kí wọ́n padà wá sọ èyí tó jẹ́ koríko àti èyí tí wọ́n gbìn, kí wọ́n pè é lórúkọ tí wọ́n ń pè é nílé, Yorùbá, Hausa, Gbagyi, Tiv, Igbo, gbogbo ẹ̀ á dé. Fún kíkàwé, kí ọmọ ka ojú ewé kan sínú rẹ́kọ́dà, kó gbọ́ ara ẹ̀, kó tún un kà. Ọmọ tó ń tijú láti kàwé sókè níwájú kíláàsì á kà á fún tábílẹ́ẹ̀tì láìmọye ìgbà, tíṣà á sì lè gbọ́ gbogbo ogójì nílé ju kó gbọ́ márùn-ún lọ ní kíláàsì. Ọmọ tí ojú ẹ̀ ò ríran dáadáa, ẹ mú lẹ́tà tóbi fún un, tàbí kẹ́ ẹ tan TalkBack kó máa kà á sí i létí.

Àwọn nọ́sìrì ńkọ́? Ẹ fi wọ́n sílẹ̀. WHO sọ lọ́dún 2019 pé ọmọ ọdún méjì sí mẹ́rin ò gbọ́dọ̀ lò ju wákàtí kan lójúmọ́ nídìí ojú gíláàsì, tó bá sì dín sí bẹ́ẹ̀ ó dáa jù, wọ́n sì ti lò ó tán nílé lórí fóònù màmá wọn.

Ooru, eruku àti ìsinmi gígùn

Bátìrì lithium ò fẹ́ kí wọ́n fún òun ní ṣáájì níbi tó gbóná ju 45°C lọ, yàrá onípáànù tí fèrèsé ẹ̀ tì ní Oṣù Kẹrin sì lè dé ibẹ̀ dáadáa. Àárọ̀ ni kẹ́ ẹ máa fún wọn ní ṣáájì, tàbí ìrọ̀lẹ́ tí ooru bá ti lọ, kí ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù ṣí. Ẹ má gbé e sínú mọ́tò tó wà nínú oòrùn. Nígbà ọyẹ́, ẹ fi rọ́bà kékeré dí ojú ihò ṣájà, kẹ́ ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì eyín tuntun gbá a lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ẹ má fi abẹ́rẹ́ há a.

Tí ìsinmi gígùn bá dé, ẹ má kó wọn sílẹ̀ ní òfo, ẹ má sì kún wọn dé ẹnu. Ẹ fi wọ́n sí nǹkan bí ìdajì, ẹ pa wọ́n, ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ á wá wò wọ́n lóṣooṣù. Èyí tí ẹ̀yìn ẹ̀ bá wú tàbí tí ojú gíláàsì ẹ̀ ń ga sókè, bátìrì ẹ̀ ti ń bàjẹ́, ẹ gbé e kúrò láàrin àwọn yòókù lọ́jọ́ yẹn, ẹ má gún un, ẹ má tẹ̀ ẹ́ wọlé. Ẹ ní ìwé ńlá kan tó ní serial number gbogbo wọn, ẹni tó gbé e, ìgbà tó dá a padà. Ẹni méjì ni kó ní kọ́kọ́rọ́, wọn ò gbọdọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ṣé ó ń ṣiṣẹ́?

Kí táámù tó bẹ̀rẹ̀, ẹ fún kíláàsì yẹn ní ìdánwò orí bébà, ogún ìbéèrè lórí ìṣòro tẹ́ ẹ kọ sílẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. Ẹ fún kíláàsì kejì tí kò ní tábílẹ́ẹ̀tì, Pírámárì 4B ká sọ. Níparí táámù, ẹ tún un fún àwọn méjèèjì. Bébà ni o, ẹ má fi tábílẹ́ẹ̀tì ṣe é, torí ọmọ lè mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ áàpù kó má mọ ìṣirò. Ẹ wo àwọn mẹ́wàá tó wà nísàlẹ̀ jù ní pàtàkì, torí àwọn tó wà lókè á lọ síwájú pẹ̀lú ohunkóhun tẹ́ ẹ bá fún wọn.

Tí ò bá sí ìyàtọ̀, ẹ má tíì dá tábílẹ́ẹ̀tì lẹ́bi. Ẹ jókòó sẹ́yìn kíláàsì yẹn fún period kan kẹ́ ẹ wò ó, ṣé ìṣẹ́jú tó ń lọ lórí pípín ló pọ̀, ṣé iṣẹ́ orí Kolibri le jù fún wọn, ṣé tíṣà ló jókòó sídìí tábílẹ́ẹ̀tì dípò kó jókòó ti àwọn ọmọ mẹ́wàá tirẹ̀? Ẹ tún ìyẹn ṣe kẹ́ ẹ lò ó fún táámù kan sí i kẹ́ ẹ tó ra ẹyọ kan kún un.

Tí ìyàtọ̀ bá wà, ẹ má ra ogójì. Tábílẹ́ẹ̀tì mẹ́wàá yẹn náà lè lọ sí Pírámárì 5 ní àwọn ọjọ́ tí Pírámárì 4 ò lò ó, kí tíṣà Pírámárì 4 sì jẹ́ ẹni tó máa jókòó pẹ̀lú tíṣà Pírámárì 5 fún táámù kan, kó kọ́ ọ lọ́wọ́ ara ẹ̀, kẹ́ ẹ fi owó díẹ̀ kún owó oṣù ẹ̀ fún iṣẹ́ yẹn. Ìgbà tí àwọn méjèèjì bá ń bá ara wọn jà lórí ọjọ́ tí wọ́n á lò ó ni kẹ́ ẹ padà lọ sọ́jà lọ ra mẹ́wàá kejì.